Kéèkì Karùn-ún

Kí ló dé tí mi ò bi ara mi pé kí ló mú kéèkì yẹn wú? Ẹ dá mi lóhùn, Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wa ní kíláàsì àgbà pé ká máa béèrè ìdí nǹkan! Kéèkì mẹ́rin ti bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìkarùn-ún wá ga bí ìrọ̀rí, mo sì ń jó yí ófùn ká bí ẹni tó jẹ oyè! Rárá, mi ò jókòó. Bí mo bá jókòó, màá sunkún.

Ẹ ṣáà mọ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọ mi tí mo máa ń pọ̀n wá sí kíláàsì nígbà kan. Lójú èmi àti bàbá rẹ̀ ni dókítà ti sọ ọ́: kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kò gbọdọ̀ mu mílíìkì, kò gbọdọ̀ fẹnu kan bọ́tà, torí ọ̀fun rẹ̀ lè dí. Ó wá ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó rí kéèkì lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò, ó ní, "Mọ́mì, tèmi ńkọ́?" Kí ni kí ìyá wí?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo rún ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n dípò ẹyin, ó le bíi bíríkì. Mo fi oje àgbọn dípò mílíìkì, mo fi òróró dípò bọ́tà, àárín rẹ̀ rin bí àkísà. Mo da fínígà kíkan díẹ̀ àti sódà kéèkì sí i, ó hó, ó ga, mo ní kí n yọjú wò ó báyìí, pìì, ó wálẹ̀! Ẹ̀yin lẹ wá ní kí n gbìyànjú omi tí a fi se ẹ̀wà, kí n jẹ́ kó ki, kó tutù, kí n máa lù ú títí yóò fi funfun bí ìfófòó ọṣẹ. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já! Àárín ìyẹn náà jìn kòtò. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ṣé ọbẹ̀ la ó bù sí i ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wo ni mo rín?

Nígbà tí ọjọ́ ìbí ọmọ pé, mo po ìkarùn-ún. Omi ẹ̀wà náà ni. Mo ti pò ó tán nígbà tí ọmọ ké ní yàrá, mo lọ wẹ̀ ẹ́, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, Ọlọ́run gbọ́! Mo padà dé, ọkọ mi ń fọwọ́ ní síńkì, ìyá rẹ̀ ní, "Má ṣèyọnu, a ti bá ọ gbé e sínú ófùn." Mo tún dúpẹ́!

Ó wú, Àǹtí. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi bù ú sí ọmọ lẹ́nu, mo ní kó la ẹnu dáadáa.

Ètè rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ó ń fa èémí bí ẹni ń fi ihò abẹ́rẹ́ mí. A sáré dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí ló jẹ? Mo kà á kalẹ̀: ìyẹ̀fun, ṣúgà, òróró, omi ẹ̀wà. Ó ní, ẹyin ńkọ́? Mo ní kò sí! Mo fẹ́ búra! Ìyá ọkọ mi wá wolẹ̀, ó ní, "Méjì péré ni. Wọn ò tiẹ̀ tóbi."

Méjì péré! Àṣé ẹyin kékeré kì í pààyàn?

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gba ọmọ mi là. Mo pariwo mọ́ ìyá náà, ẹ ò bá pariwo? Àwọn ẹbí pé jọ, wọ́n ní mo rí àgbà fín, wọ́n ní ire ni ìyá fẹ́ ṣe. Ọkọ mi ní, "Kúnlẹ̀, kó tán." Mo kúnlẹ̀. Èmi tí ọmọ mi ń kú lọ lójú mi, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀!

Ẹ̀ẹ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pòwe fún mi lónìí. Gbogbo òwe tí mo mọ̀, ẹ̀yìn ìyá ọkọ ni wọ́n wà.

Láti ìgbà náà, ó lé lọ́dún kan, kò sí ohun tí mo bá a sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mo ti ìyẹ̀fun mọ́ inú àpótí, mo gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Ṣé kí n máa ru ilé ìdáná lọ síbi iṣẹ́ ni? Ọmọ náà gan-an ń sọ pé, "Mọ́mì, kéèkì tó ga yẹn dùn o, ẹ tún un ṣe." Ẹ gbọ́ yẹn!

Ìdí tí mo fi sáré wá rèé. Láàárọ̀ yìí, ìyá náà ń kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ, pé torí kí ilé mi má bàa tú lòun ṣe gbà á sọ́rùn. Ta ni kí n wá bínú sí báyìí? Àǹtí, ọkọ mi ló fọ́ ẹyin náà.