Ọkọ̀ Tí Jàpáànù Àti Jámánì Jọ Ṣe

Ẹjọ́ mi ti parí. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi, ilé ẹjọ́ kejì náà sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é nìkan ni n kò mọ̀. Àwọn wọ́dà mọ̀ pé mẹkáníìkì ni mí, wọ́n sì máa ń bi mí nípa ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni n kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìbà ni èmi àti Múfútáù ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù kan náà. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́ ní Ọ̀jọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ Jàpáànù kì í fọwọ́ kan ti Jámánì. Èmi ni wọ́n ń pè ní Japan, Múfú ni Germany. Bí ọkọ̀ bá ti wọlé, àmì iwájú rẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò dìde nínú wa. Múfú kò gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì rárá. Kò jẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ láì ki ríìmù ògbólógbòó kan sábẹ́ rẹ̀, kí ríìmù lè gbé ọkọ̀ dúró bí jáàkì bá yọ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ràn ríìmù yẹn ju ìyàwó rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbà Housing Estate gbé ọkọ̀ eré-ìje pupa kan wá. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó fẹ́ fò. Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì wa pa iṣẹ́ tì. Ẹnì kan ní ìdí rẹ̀ rẹwà ju iwájú lọ. Òmíràn ní kò sí àyè ọmọ níbẹ̀, ọkọ̀ àpọ́n ni. Àmì Jàpáànù ló wà níwájú rẹ̀, mo bá dìde.

Múfú ní, “Japan, rọra o. Àwọn méjèèjì ló ṣe èyí. Japan ló ni orúkọ, Germany ló ni engine. Jẹ́ ká jọ ṣe é.”

“Orúkọ ta ló wà níwájú ẹ̀?”

“Mo ní engine, ìwọ ń sọ orúkọ.”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn mí. Ọlọ́kọ̀ yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá mi. Irú ẹ̀ ni mò ń ṣe lójoojúmọ́.”

Irọ́ ni. N kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí n má sì gbé e jáde.

Mo da ọ́ìlì àtijọ́ nù, mo rọ tuntun sí i. Mo wá géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe tó, títí, n kò rí i. Múfú jókòó nítòsí, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó mọ̀ pé irú ẹ́ńjìnì yẹn kò ní géèjì, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń wò ó. Ìbéèrè kan péré ni, n kò bi í. Mo fojú díwọ̀n rẹ̀, mo dé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo sì gbé e jáde, kí wọ́n lè rí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ dé Okokomaiko, àwọn ọlọ́kadà ń hó yèè. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Bí mo ṣe ń yí padà ni ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í lu gbàgà gbàgà, tó sì kú. Okùn ni wọ́n fi fà á wọlé.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọgbà dá páropáro. Múfú nìkan ló wá, tìtorí mi ló sì ṣe wá. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó da ọ́ìlì sínú ike. Kò tó ìdajì èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀.

“Sọ òótọ́ fún ọlọ́kọ̀. Màá bá ẹ bẹ̀ ẹ́.”

“Màá ní bó ṣe gbé e wá nìyẹn.”

“Èmi ò ní bá ẹ purọ́ o. Tó bá bi mí, màá ní o ò mọ̀ ọ́n.”

Ó yíjú, ó fẹ́ lọ gbé ríìmù rẹ̀ wá. Sípánà táyà wà lọ́wọ́ mi. Mo là á mọ́ ọn lórí, ó ṣubú. Ó ṣì ń mí, mo gbọ́ ọ. Dípò kí n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo wọ́ ọ sábẹ́ ọkọ̀, mo sì tú jáàkì. Ẹ lè ṣépè fún mi, mo ti ṣépè fún ara mi.

Mo figbe ta pé ọkọ̀ wó lu Múfú. Àwọn aládùúgbò sáré dé, wọ́n ń bá mi sunkún. Bàbá alága ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n wá wo ìdí ògiri.

“Kí ni ríìmù ẹ̀ ń ṣe níbí?”

“Ó gbàgbé ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ta ló gbàgbé? Múfú?”

Bàbá wò mí lójú. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ kí ọlọ́pàá tó dé.

Ní kóòtù, ìyàwó Múfú bi mí pé, “Ṣé torí ọkọ̀ ni?” Kì í ṣe torí ọkọ̀. Torí kí wọ́n má baà gbọ́ pé n kò mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì béèrè. Ẹ̀rín tí wọ́n bá fi yín rín kò ní pẹ́ tán. Jàpáànù àti Jámánì jìnnà síra wọn, èdè wọn kò sì bára mu, síbẹ̀ wọ́n jọ ṣe ọkọ̀ kan. Èmi àti Múfú wà lábẹ́ páànù kan náà, ó sì bẹ̀ mí pé ká jọ ṣe é.