Wọ́n Fi Ẹnu Màmá Gba Ife Lójú Mi

Hedley! Má wulẹ̀ mú fìlà rẹ, o ò lọ síbì kankan, inú ilé ìdáná yìí lo máa jókòó sí títí màá fi sọ tán! Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jẹ́ adájọ́ níbi ìdíje ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ lánàá, àlùfáà, ìyá oníbúrẹ́dì, àti ìwọ, àbúrò mi, ọmú kan náà la jọ mu, ẹ wá gbé ife fún Ọ̀gbẹ́ni Pemberton! Pemberton tó ń yọ eyín fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó wá ra ilé sí ẹ̀gbẹ́ tèmi! Ẹ ní òun ló mọ ọ̀rọ̀ àwa ará Kọ́nwọ́ọ̀lù etí òkun níbí sọ jù ní gbogbo abúlé! Èmi Thirza wá gba ipò kẹta. Ipò kejì ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀! Yéè! Àṣé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà!

Ẹ ní mo sọ̀rọ̀ yára jù. Ẹ ní kò yé àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ta ló jókòó lẹ́yìn? Ṣebí àwọn èèrà ni, àwọn àlejò tó máa ń ya bò wá nígbà ooru bíi pé ẹnì kan da ṣúgà sétí òkun! Ta ló ní kó yé wọn? Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ wa yé èèrà rí?

Ẹnu yìí kan náà ni Miss Hosking tìtorí ẹ̀ ń fi rúlà na ọwọ́ mi nílé ìwé, o wà níbẹ̀, ó ní kí n sọ̀rọ̀ bí ọmọ gidi, kí n yéé sọ̀rọ̀ bí ará èbúté. Mo jẹgba lórí ọ̀rọ̀ yìí, Hedley! Ohun tí mo torí ẹ̀ jẹgba ni àlejò torí ẹ̀ gba ife. Ó dáa bẹ́ẹ̀?

Má mí kanlẹ̀ sí mi. Mu tíì rẹ.

Níbo ni Pemberton ti kọ́ ọ? Orí àga tí o jókòó sí yẹn ni! Nígbà òtútù, ojoojúmọ́ ló ń kanlẹ̀kùn, á ní, “Ìyáàfin Trembath, ẹ jọ̀ọ́, báwo làwọn ará àtijọ́ ṣe ń sọ ọ́?” Èmi òmùgọ̀ á gbé pásítì ẹlẹ́ran gbígbóná síwájú rẹ̀, màá là á yé e pé bí àwa bá ní à ń bọ̀ wá ṣe nǹkan nísinsìnyí, kó má dúró o, ó lè di ọdún tó ń bọ̀. Pé olólùfẹ́ mi là ń pe gbogbo ènìyàn, dókítà, dírẹ́bà, ọlọ́pàá tó wá múni, kò sì sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀!

Mo sì sọ ìtàn Màmá fún un. Ìgbà tí ẹyẹ òkun já pásítì Bàbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní èbúté, tí Màmá lé ẹyẹ náà dé ẹnu omi, tó ń pariwo pé, “Olólùfẹ́ mi, arẹwà mi, á há ọ lọ́fun lágbára Ọlọ́run!” Mo fún un pátá, bó ṣe fọwọ́ lé ìbàdí, bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn. Lọ́fẹ̀ẹ́! Ó wá gun orí pèpéle pẹ̀lú fìlà apẹja tó rà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ lójú mi, àwọn èèrà ń pàtẹ́wọ́!

Ta ni màá fẹjọ́ sùn? Ṣé màá ní ó jí ẹnu màmá mi gbé? Mo fi Bíbélì Màmá búra, n ò tiẹ̀ rí nǹkan bú lára ọkùnrin náà, ìyẹn ló ń dùn mí jù! Ó gbé ife náà wá láàárọ̀ yìí, ó ní tèmi ni, kí n gbà á. Mo ní kó máa gbé e lọ. Kí ni màá fi ife ṣe?

Ìwọ gan-an, dá mi lóhùn! Kí ló dé tí o fi fún un ní máàkì? Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè.

O ní o dijú. O ní o dijú, ó dà bíi pé Màmá ló wà lórí pèpéle.

Ha, Hedley. Ṣé o rò pé èmi ò gbọ́ ọ ni? Nígbà tó dé ibi “á há ọ lọ́fun” yẹn, mo fọwọ́ bo etí bíi pé Màmá fẹ́ gbá mi létí. Láti ìgbà tí a ti sin ín, n ò gbọ́ ohùn yẹn mọ́. Mo máa ń gbìyànjú ẹ̀ níbí témi nìkan bá wà, kì í jáde, ohùn tèmi ni mo máa ń gbọ́. Ṣé o mọ̀ pé mo pàtẹ́wọ́? Mo pàtẹ́wọ́ ju àwọn èèrà lọ, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì ń ta mí.

Má sunkún sínú tíì mi, jọ̀ọ́. Dìde, lọ bá ọkùnrin yẹn, sọ fún un pé mo ní kó wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kó dúró síbi ààrò yẹn, kó fi ohùn Màmá yẹn bú mi dáadáa. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bú mi gbẹ̀yìn.