Ìṣó Inú Bárò

Oúnjẹ a máa dà nínú ikùn, ṣùgbọ́n irọ́ kì í dà. Ńṣe ló ń rà síbẹ̀. Ohun tí Ọ̀gá Onípáànù kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dì í lápá mú wọ pálọ̀ Ìyá Tíṣà, tó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tí àga kò tọ́ sí. Àìsàn àyà ti jẹ ẹ́ ku egungun. Dókítà ti ní kó lọ palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́, pé ọjọ́ rẹ̀ láyé kò pọ̀ mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ omi, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kẹ́dùn. Òtítọ́ kan wà lọ́rùn òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun bì í jáde.

Ìyá Tíṣà rò pé ọ̀rọ̀ òrùlé tó bá òun pààrọ̀ ni. Òrùlé ọ̀hún kò sì jò rí. Ọ̀gá ní kì í ṣe ti òkè, ti ilẹ̀ ni. Ó rán an létí àdéhùn wọn: kí wọ́n tó tú páànù àtijọ́, òun yóò ta tapólì bo ọgbà òdòdó, òun yóò tẹ́ pákó sójú ọ̀nà ọkọ̀ láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, bí wọ́n bá sì ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, òun yóò fa irin òòfà kiri ilẹ̀ kó lè gbé gbogbo ìṣó tó já bọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ òun. Òun ò sọ ọ̀kankan kalẹ̀. Oòrùn mú, iṣẹ́ mìíràn ń dúró de òun, ta ni yóò wá máa tẹ́ aṣọ fún ewéko bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fún ìyàwó tuntun? Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ òun fi í rẹ́rìn-ín. Páànù tó ti dípẹtà ń já lu òdòdó, ìṣó ń fọ́n sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ.

Bàbá Òdòdó, arúgbó tó ń tọ́jú ọgbà náà láti ìgbà tí ọkọ ìyá ti wà láyé, ló wá bá òun. Kò jà. Ó kàn ní ìyá kì í wọ bàtà tó bá ń bomi rin òdòdó láàárọ̀, kí òun jọ̀ọ́ bá wọn ṣa ilẹ̀. Òun ní òun ti ṣà á. Bàbá náà wo ilẹ̀, ó wo òun, ó lọ gbé bárò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣa ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Òun dúró lórí àkàbà, òun ń wo ẹ̀yìn arúgbó.

Ojú arúgbó kò rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan wọ ẹsẹ̀ ìyá, àtọ̀gbẹ sì wà lára ìyá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ọ̀gá ní nígbà tí òun wá kí wọn, òórùn ẹsẹ̀ náà pàdé òun lẹ́nu ọ̀nà, títí dòní kò kúrò nímú òun. Òun ń gbọ́ ọ nínú ọbẹ̀, òun ń gbọ́ ọ lára ọwọ́ òun. Ìyá bi òun pé ṣé òun ṣa ìṣó ilẹ̀. Òun búra pé òun ṣà á.

Ó húkọ́. "Lẹ́yìn náà ni mo mú yín dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ìyá, níbi tí bàbá gbé bárò rẹ̀ sí. Mo ki ọwọ́ bọ inú bárò yẹn, mo ní, 'Ẹ wo olè yín. Ìṣó àlòkù ló ń jí kó tà, òun ló ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.' Ìṣó tó ṣà nítorí ẹsẹ̀ yín ni mo fi pè é lólè."

Ó ní bàbá náà kò sọ ju gbólóhùn kan lọ, pé, "Ọ̀gá, ìwọ náà mọ̀." Òun tutọ́ sílẹ̀ dá a lóhùn. Ẹranko sàn ju irú òun lọ, nítorí ẹranko kì í fi àánú ẹlòmíràn dẹ pàkúté fún un.

Ìyàwó Ọ̀gá, tó ti ń bá a ṣépè fún Bàbá Òdòdó láti ọjọ́ yẹn, rọra yọ ọwọ́ kúrò lápá rẹ̀, ó sì sún ìjókòó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Tíṣà kò sunkún. Ó ní ẹsẹ̀ òun, òun lè dárí rẹ̀ jì í tó bá yá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí òun lé bí ajá kúrò nínú ọgbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ìdáríjì tiẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Ó mú fóònù, ó wá nọ́mbà arúgbó náà, tí kò tíì pè láti ọjọ́ tó lé e, ó pè é, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Má yọ nǹkan kan kúrò."

Ọ̀gá sọ ọ́. Ikọ́ ń dá a dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Nígbà tó parí, arúgbó náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti òdìkejì.

"Ẹsẹ̀ ìyá ńkọ́? Ṣé ojú egbò yẹn ti jinná?"

Ọ̀gá wo ibi tí wọ́n ká ìró ìyá sí lábẹ́ orúnkún.

"Wọ́n ti gé e, bàbá. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni wọ́n gé e. Ẹ forí jì mí."

Wọ́n gbọ́ tí arúgbó náà gbé fóònù kalẹ̀ láì pa á. Ẹkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò pariwo, kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ láti pa fóònù.