Fíláàṣì Tèmi Ni, Kì í Ṣe ti Bàbá Akọ̀wé

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ó ti di ọdún kẹta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ní Igbosere, nítòsí kóòtù. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún la ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń darí gbogbo wọn. Inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ló wà, èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òfin tí mo bá ṣe lórí rẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Kí n sọ òótọ́, agbára yẹn máa ń pa mí bí ọtí.

Mọ̀gá wa jẹ́ obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kí n ti ojú ihò fíláàṣì pa lórí gbogbo kọ̀ǹpútà nítorí fáírọ́ọ̀sì. Mo tì í pa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ó tó di ọ̀sán, Bàbá Akọ̀wé ti dúró sí ẹnu ọ̀nà mi.

Ará Ìjẹ̀bú ni Bàbá, àwọn sì ni àgbà òṣìṣẹ́ wa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ gba ìwé ìbúra lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Àwọn atẹ̀wé yẹn kì í fi í-meèlì ránṣẹ́, inú fíláàṣì ni wọ́n ń kó o sí. Bàbá so tiwọn mọ́ okùn, wọ́n fi kọ́ ọrùn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ò dá mi lóhùn mọ́ o. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Mo ṣàlàyé òfin, wọ́n ní àwọn gbọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún dé, wọ́n béèrè àlàáfíà ìyá mi kí wọ́n tó béèrè fíláàṣì. Ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ojú ń tì mí láti máa sọ fún ẹni tó tó bí mi lọ́mọ pé rárá. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ní kí n rọra ṣí i fún kọ̀ǹpútà tiwọn nìkan, kí Mọ̀gá má mọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Dípò kí n mú kọ̀ǹpútà Bàbá, òkè pátápátá ni mo fọwọ́ sí, níbi tí òfin ti ń kan gbogbo ọ́fíìsì. Mo rí i lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo rí i, n kò sì tì í. Èmi náà ní fíláàṣì kan tó kún fún fíìmù, mo sì ń wò ó nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ó bá mi lára mu bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni fáírọ́ọ̀sì dé. Láàárín wákàtí kan, ìwé àwọn oníbàárà wa kò ṣeé ṣí mọ́. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ opó kan, tó yẹ kó dé kóòtù lọ́jọ́ kejì, bá a lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi tún un kó jọ. Mo sáré wo àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tó ń darí wọn, tó máa ń sọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Kọ̀ǹpútà tèmi ló ti wọlé, láti inú fíláàṣì tèmi.

Mo ti gbogbo rẹ̀ pa padà, mo fi ti Bàbá nìkan sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà, n kò mọ ìdí tí mo fi ṣe é, mo wá pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí Mọ̀gá wọlé, mo ní, "Mà, ó jọ pé kọ̀ǹpútà Bàbá ló ti wá."

Mọ̀gá pè wọ́n, ó bi wọ́n pé ta ló bá wọn ṣí i. Bàbá wo ojú mi. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ṣí i fún mi. Mo rí páásíwọ́ọ̀dù lórí tábìlì ọmọ yìí, mo lò ó. Ẹ má bá a wí."

Bàbá tí kò mọ̀ ju kí wọ́n ki fíláàṣì bọ ihò lọ! Wọ́n purọ́ kí n má baà kó sí wàhálà nítorí àánú tí mo ṣe wọ́n. Bàbá fúnra wọn gbà pé fíláàṣì ọrùn wọn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Mo dákẹ́.

Ọjọ́ náà ni Mọ̀gá ní kí Bàbá máa lọ sílé pátápátá. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n wá bá mi nínú yàrá mi. "Má bínú, ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kí n ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Àgbàlagbà ló ń bẹ̀ mí o. Mọ̀gá sì yìn mí pé mo tètè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Ìta Fájì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n fẹ́ fi Bàbá ṣe akọ̀wé ìjọ. Bàbá dìde níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Ọwọ́ mi yìí ti ba ìwé opó jẹ́ rí."

Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n mú fóònù tí ọmọ wọn rà fún wọn wá bá mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn ti gbogbo ohun inú rẹ̀ pa, kó ku ìpè nìkan, kí àwọn má tún lọ ba nǹkan onínǹkan jẹ́. Mo gbà á, mo bá wọn tì í pa. Wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú páálí bàtà lábẹ́ ibùsùn mi. Tí mo bá gbé e lọ fún Mọ̀gá, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, ó sì lè pè mí lẹ́jọ́, lọ́yà ni.

Àwọn kan nínú yín á ní kí n kọ́kọ́ lọ bẹ Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní, "Dákẹ́, ọmọ mi, kí wọ́n má lé ọ." Mo sì mọ ara mi. Màá dákẹ́.