Ọlọ́run Fi Inú Ọrùn Ẹsẹ̀ Mi Hàn Mí

Halelúyà! Ará, ẹ ò pariwo tó. Halelúyà! Ẹ bá mi yin Ọba tó dá egungun, tó sì mọ èyí tó hù síbi tí kò yẹ.

Akọ̀pẹ ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Nígbà tó yá, iwájú ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Tí mo bá rìn ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó rọ̀ díẹ̀. Tí mo bá gun òkè, áà! Bíi pé wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn kan ní làkúrègbé ni, àwọn kan ní mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, pé iṣẹ́ ayé ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi a fi omi gbígbóná wọ́ ọ, a sì fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ náà sókè. Mo ń ké bí ewúrẹ́, ó ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́! Nígbẹ̀yìn, mi ò lè dé ìdajì ọ̀pẹ mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi bọ́ ọmọ? Mo sunkún, ọkùnrin bíi tèmi.

Wòlíì wa gbàdúrà, ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run wà níbẹ̀ náà."

Ìyá mi dí mi lọ́nà. "Lúbo wà ń lọ? Wọ́n á gé ẹsẹ̀ ọ̀hún o!"

Mo lọ, ìyàwó mi àti ìyá mi náà sì tẹ̀ lé mi. Dókítà béèrè iṣẹ́ mi, ó ní kí n fi bí mo ṣe ń gun ọ̀pẹ han òun. Mo fi ìró ìyàwó mi ṣe igbà, mo fi yí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ òpó. Mo ké!

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀." Ó fi ìka kan iwájú ọrùn ẹsẹ̀ mi. "Ṣé ibí ni?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, sà!"

Wọ́n ya fọ́tò egungun mi. Ará, mo rí inú ara mi láàyè! Dókítà gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wo egungun tó yọ ṣóńṣó yìí. Bí ẹ ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ sókè mọ́ ara ọ̀pẹ, egungun ń kọlu egungun, ló fi hù. Tí ẹ bá ti tẹ ẹsẹ̀ sókè báyìí, ó ń há ẹran sáàárín."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ayé kò tó hóró ẹ̀wà! Ta ló dà bí Ọlọ́run wa?

Dókítà fi ìyá mi lọ́kàn balẹ̀: "Màmá, a ò ní gé ẹsẹ̀ wọn. Egungun kékeré yẹn nìkan la máa gbẹ́ kúrò." Wọ́n gbẹ́ ẹ, ó jinná. Dókítà ní kí n má gun ọ̀pẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mo sì gbà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tún gun ọ̀pẹ, mo dé orí rẹ̀ láìké. Ìyá mi ń pariwo nísàlẹ̀ pé kí n sọ̀kalẹ̀. Mo di igbà mú, mo ń sunkún ọpẹ́ lókè.

Ìwọ tí ìrora ń bá jà, tí oníkálukú ti fún ìrora náà lórúkọ tirẹ̀, má sọ̀rètí nù. Gbàdúrà, sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó. Olúwa, o ṣeun! O tún ṣeun! Èmi tó yẹ kí n máa jókòó ṣagbe, èmi ni mo ń kọ ẹyìn tí àwọn ọmọ mi ń jẹ epo rẹ̀.