Orúkọ Ọlọ́run Lára Owó Ọba

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì wà níwájú mi lórí ìlà ẹlẹ́ja ní Rye Lane nílùú ọba, wọ́n ń jiyàn.

Ìyá na kọ́ìnì kan sí i. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ọba fi jọba. Ìwọ tó o ní o ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, kí ló dé tó ò ń ná an?"

"Mummy, wọn ò bi mí léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo ṣe shift, wọ́n sanwó fún mi."

"Kí ló wá dé tó o ò lè ṣe àmín níbi fídáù bàbá ẹ lọ́la?"

"Mo máa wá. Mo máa gbé oúnjẹ fún àlejò. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe àmín tí kò ti inú mi wá. Owó ò ní kí n ṣe àmín, Mummy. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é."

Owó ò ní kí n ṣe àmín! Èmi tí mo máa ń ṣe àmín kí àdúrà tó parí, ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Nígbà tí ẹlẹ́ja pè wọ́n, ìyá náà fi kọ́ìnì náà sápò. Ó wá ní: "Bàbá ẹ ò fẹ́ràn irọ́. Jókòó tì mí lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ wí, kó kọ́kọ́ bá èmi wí."