Ẹ̀ka Tó Gbẹ Lára Ọdán

Ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ìkòkò l'Ọ́jà Tuntun ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tọkọtaya kan. Ọdán kúkurú kan ni wọ́n gbé wá, èyí tí wọ́n hú lára ògiri ilé bàbá ìyàwó kí wọ́n tó wó ilé náà. Wọ́n ń wá àwo tí wọ́n máa gbìn ín sí, kó lè wà lórí tábìlì wọn.

Ọkọ ti yọ ayùn kékeré. "Ẹ̀ka tó gbẹ yìí, mo máa gé e dànù. Ta ló ń gbé òkú igi sí pálọ̀?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá wọn. Ara rẹ̀ ni ìyá mi máa ń fi tẹ̀sùbáà wọn kọ́ sí tí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi wáyà tẹ àwọn ẹ̀ka tútù wálẹ̀, wọ́n ti ń dùn-ún wò. Eléyìí ló ń ba ẹwà wọn jẹ́."

"Tí ẹ bá gé e, àlejò á ní àná la gbìn ín. Ibi tó gbẹ yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé àgbà ni."

Ọkọ yíjú sí oníkòkò: "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi o!"

"Irun ti tán láàárín orí tiyín náà. Ṣé mo gé e dànù ni?"

Ìyá oníkòkò rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọkọ náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa orí, ó wá rọra tún un sọ: "Ibi tó gbẹ yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé àgbà ni."

Ó ká ayùn padà sínú aṣọ. "Ìyá, ẹ wá àwo tó dáa fún wa. Àgbàlagbà là ń gbé lọ sílé."